Aunty Ara-Ọmọ-Yá àti Alága Tó Wọ Bàtà Oníbàtà

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe kò ní orúkọ. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ mi pé, "Kí ni màmá yín ń ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì?" ńṣe ni wọ́n máa wo ara wọn lójú. Àkọ́bí á ní olùkọ́ ni mí. Irọ́ ni, mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ABD rí. Èkejì á ní akọ̀wé ni mí. Ìyẹn sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ àga akọ̀wé kì í tutù, tèmi kì í sì í gbóná, nítorí ẹsẹ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ tèmi.

Àwọn ará Ìkòsí ló wá orúkọ fún mi. Aunty Ara-Ọmọ-Yá ni wọ́n ń pè mí, láti Ketu títí dé Alápẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa jí láàárọ̀ kó ní irú iṣẹ́ mi lòun fẹ́ ṣe. Èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá òbí, èmi náà ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ òbí padà wá. Ọmọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ là ń sọ, òun náà ni kì í sì í fẹ́ ká pàdé.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kan ni, ní Ìkòsí, tí ìyá kan dá sílẹ̀. Mummy Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó rí i pé pẹlẹbẹ ni, ó ní, "O máa lè rìn." Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Owó náà kéré débi pé ojú máa ń tì í láti dé lásìkò.

Wọ́n fà mí lé Bàbá Àjàní lọ́wọ́. Ará Ìsẹ́yìn ni bàbá yìí, ó ga, ó gbẹ, agboòrùn dúdú kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Òun ló ń jíṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà fún òbí kí n tó dé. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Tèmi gbóná dáadáa. Bàbá Àjàní á jókòó sínú yàrá tí a ń kó àga tó kán sí, á ní òun ni bàbá ọmọ, kí n wá kànkùn. Bí mo bá kàn án kíkan, á ní, "Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?" Bí mo bá kàn án jẹ́jẹ́, á ní, "Ṣé iyọ̀ lo wá tọrọ ni?" Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí n tó kí i tán, á ní kí n jáde, kí n tún un ṣe. Mo jáde, mo wọlé, mo jáde, mo wọlé, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bá mi bẹ̀ wọ́n.

"Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ," bàbá yìí kì í fi òwe yẹn ṣeré. Lọ́jọ́ kan, inú ń bí Mummy Àgbà, wọ́n ní, "Ẹ lọ sọ fún obìnrin yẹn pé òbúkọ ló bí!" Mo tẹ̀ lé Bàbá Àjàní lọ, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí a débẹ̀, ó ká agboòrùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, Mummy Àgbà ń kí yín. Wọ́n ní ọmọ yín lágbára púpọ̀, wọ́n fẹ́ kí ẹ jọ wá ibi tó lè lò ó sí." Obìnrin náà dúpẹ́ títí, ó tún fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí Mummy Àgbà.

Ohun mìíràn tó kọ́ mi ni pé kí n máa wo ọwọ́ òbí kí n tó wo ojú rẹ̀. "Ojú mọ irọ́ pa," ló máa ń wí. "Ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n." Bí ọwọ́ bá tutù, kí n dúró kó gbẹ. Bí oúnjẹ bá wà lọ́wọ́, kí n dúró kó tán. Bí ọwọ́ náà kò bá bá iṣẹ́ tí ọmọ ní bàbá òun ń ṣe mu, kí n fọkàn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí. Èmi tí wọ́n sọ ọ́ fún ni mo gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí n rántí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi nìkan jáde, Mile 12 ni wọ́n rán mi lọ, sọ́dọ̀ ìyá ọmọ kan tó ń jẹ́ Kúnlé. Tòmátò ni ìyá náà ń tà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò tó nǹkan: kí àwọn òbí wá wo àwòrán tí àwọn ọmọ yà. Mo dé ìsọ̀, mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo fajú ro bí ọ̀gá mi ṣe máa ń ṣe, mo ní, "Mummy Kúnlé, ilé-ẹ̀kọ́ ló rán mi sí yín. Ọ̀rọ̀ Kúnlé ni." Mo wá dánu dúró díẹ̀ kí n nu òógùn ojú mi.

Òógùn tí mo nù yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Kúnlé ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo gbé o! Kúnlé mi o!" Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbá a mú kó má ṣubú, ni wọ́n bá jọ ṣubú sórí apẹ̀rẹ̀ tòmátò. Aláàárù kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí láìtiẹ̀ mọ ẹni tó kú. Àwọn Mọ́là tó ń ta àlùbọ́sà ń sáré bọ̀, wọ́n ń fi èdè Hausa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, "Mene ne? Mene ne?" Gbogbo ìlà náà ti ń sunkún, èmi náà sì ń lọgun láàárín wọn pé, "Ara ọmọ yá! Ara ọmọ yá o!" Ta ló ń gbọ́? Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé àwòrán ni wọ́n ní kó wá wò, Ìyá Kúnlé rọra dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó ṣa tòmátò tó rọ̀ jù lọ nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì là á mọ́ mi níwájú orí.

Pupa fòò ni mo wọ ilé-ẹ̀kọ́. Mummy Àgbà figbe ta pé wọ́n ti ṣá mi ládàá. Bàbá Àjàní nìkan ni kò dìde lórí àga. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "O ò kọ́kọ́ sọ pé ara ọmọ yá." Láti ọjọ́ náà, kí n tó kí ènìyàn pàápàá, ohun tí mo máa ń sọ ni, "Ẹ má fòyà, ara ọmọ yá." Ó mọ́ mi lẹ́nu débi pé bí mo bá fẹ́ ra ata fún ara mi, òun náà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí orúkọ mi ti wá nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá Àjàní ń padà sí Ìsẹ́yìn, ó fún mi ní agboòrùn rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kankan. Ó ní kí n má ṣe ṣí i nínú ilé. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn bàbá náà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ nìkan kò tó mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i. A bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìkéde fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n mú un délé. Ó yà mí lẹ́nu pé òbí kì í fèsì. Ó di ọjọ́ kan tí mo ra àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú pópó. Mo jẹ ẹ́ tán, mo wo bébà tí wọ́n fi dì í, ọ̀rọ̀ ara mi ni mo rí níbẹ̀, òróró ti rin ín: "Òbí wa ọ̀wọ́n, a ń retí yín." Mo bi alákàrà níbi tó ti rí i. Ó ní, "Àwọn ọmọ ilé-ìwé yín ló ń kó o wá. Ìwé yín dáa, Aunty, kì í tètè já."

Lẹ́yìn náà ni fóònù alágbèéká dé. Inú mi dùn, mo rò pé ẹsẹ̀ mi sinmi. Mo gba nọ́ńbà gbogbo òbí lẹ́nu àwọn ọmọ. Ìwọ̀nba ọgbọ́n tí mo ní nígbà yẹn nìyẹn. Mo pe bàbá ọmọ kan lọ́sàn-án gangan, ohùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́ dáhùn: "Hello, èmi ni Daddy ẹ̀." Mo ní, "Daddy, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ò sí ní kíláàsì ni?" Ó ní, "Rárá, Aunty, a wà ní break." Mo gbé agboòrùn mi, mo padà sí ìrìn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀ràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọbìnrin kan wà ní SS1, Sídí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Agboyi. Ọkọ̀ ojú omi ló fi ń sọdá sí Ketu láràárọ̀ kó tó rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Sídí mọ̀wé, àmọ́ ó tún mọ ènìyàn sín jẹ ju ìwé lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Mummy Àgbà pẹ́ dé, ó gun orí pèpéle níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó gbé ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi Mummy Àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù: "Ọ̀lẹ ni gbogbo yín, mo sì fẹ́ràn yín lórúkọ Jésù." Ohùn yẹn jọ débi pé àwọn olùkọ́ pàápàá na ẹ̀yìn tààrà. Ó ń bá ìwàásù lọ nígbà tí Mummy Àgbà gan-an wọlé. Ìdájọ́ kò pẹ́: kí Sídí lọ, kó má padà láìmú bàbá rẹ̀ dání.

Ọmọ náà wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe bàbá mi. Wọ́n ti ní ọjọ́ tí ilé-ìwé bá ti ránṣẹ́ pe àwọn báyìí, ìwé mi parí nìyẹn, ilé aránṣọ ni mò ń lọ." Mo ní kó fi ọkàn balẹ̀, pé tí bàbá rẹ̀ bá dé, èmi náà máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Agbádá funfun ló wọ̀, ó sì wọ bàtà aláwọ̀ kan tó ń dán débi pé ẹ lè ka eyín yín nínú rẹ̀. Bàtà yẹn ni mò ń wò, ẹ̀yin ará, mi ò wo ọwọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Mummy Àgbà. "Mummy, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ bá mi kọ́ ọ." Ó bèèrè bó ṣe ń ṣe sí nínú Biology. Ó bèèrè ẹni tó jókòó tì í. Ó ní, "Ṣé ó ń rí pátákó ṣá? Mo rí i pé ó máa ń di ojú kéré tó bá ń wo ọ̀nà jíjìn." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí bàbá tó bèèrè irú ẹ̀. A gbé Sídí wá síwájú kíláàsì lọ́jọ́ náà, Mummy Àgbà sì dárí jì í.

Láti ìgbà náà, kò sí ìpàdé òbí tí Bàbá Sídí kì í wá. Bó bá ti dìde sọ̀rọ̀, gbogbo ilé á dákẹ́. Àwọn ọlọ́jà Mile 12 ń pàtẹ́wọ́, àwọn ará Ògùdù tó ń ti imú sọ gẹ̀ẹ́sì náà ń mi orí. Nígbà tí alága ẹgbẹ́ òbí kó kúrò ní Èkó, Sídí ti wà ní SS2, ohùn kan náà ló ti ẹnu gbogbo wọn jáde: "Bàbá Sídí! Bàbá Sídí!" Kò sẹ́ni tó bá a du ipò. Èmi náà ń jó lẹ́yìn, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo rò pé ó so èso.

Ó ku ọ̀la tí wọ́n máa fi í jẹ alága, mo ní irú ènìyàn báyìí, ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ lọ yẹ́ ẹ sí nílé. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo mú agboòrùn Bàbá Àjàní, mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo sọdá sí Agboyi. Mo bèèrè Bàbá Sídí lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń yan ẹja. Ó nawọ́ sí inú odò. Ọkùnrin kan ń jáde bọ̀ látinú omi, garawa yanrìn lórí, ṣòkòtò péńpé nídìí, omi ń ro tó-tó-tó lára rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má fòyà, ara ọmọ yá. Bàbá Sídí ni mò ń wá."

Ó ní, "Èmi ni."

"Rárá, sà, Bàbá Sídí tòótọ́. Alága wa."

Ó sọ garawa náà kalẹ̀. "Alága kí ni?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọwọ́. Omi ti họ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yanrìn ti la gbogbo ìka rẹ̀. Iṣẹ́ yanrìn ni Sídí sì ní bàbá òun ń ṣe, láti ọjọ́ tó ti wọlé. Mo wá rántí ọwọ́ alága wa tó máa ń gbé sókè tó bá ń sọ̀rọ̀: gọ́ọ̀mù dúdú lábẹ́ èékánná, ojú òwú lára ìka. Mo mọ̀ pé níbikíbi tí Bàbá Àjàní bá wà ní Ìsẹ́yìn, ó ti ń mi orí sí mi.

Bàbá náà ní, "Ṣé wọ́n ránṣẹ́ pè mí ni? Kí ni ọmọ yẹn ṣe?"

Mo rántí Sídí lórí ìkúnlẹ̀. Irọ́ kò lè yọ wá, òótọ́ náà sì lè fi ọmọ sílé aránṣọ. Mo ní, "Wọn ò ránṣẹ́ pè yín, sà. Wọ́n dìbò fún yín ni."

"Wọ́n dìbò fún mi? Èmi tí mi ò débẹ̀ rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè."

Ó wo odò, ó wò mí, ó tún wo odò. Ó ní, "Ìgbà wo ni?" Mo ní ọ̀la ni. Ó gbé garawa rẹ̀. "Mò ń bọ̀."

Mo padà, mo pe Sídí. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Múfú lorúkọ ọkùnrin náà, ó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ afárá Ketu. Ẹja gbígbẹ ni Sídí fi háyà rẹ̀ kó wá ṣe bàbá òun lọ́jọ́ kan péré. Múfú kò lọ́mọ. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kó má mú ẹja wá mọ́, kó máa mú èsì ìdánwò wá dípò ẹ̀. Ọmọ náà ní, "Aunty, ìwé mi ti parí nìyẹn, àbí?" Mo sáré lọ wá Múfú lábẹ́ afárá kí n lè kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní ó ti pa ìsọ̀ dé, ó lọ gẹrun nítorí ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Múfú wà lókè nínú agbádá, bàtà rẹ̀ ń kọ mànà. Bàbá Sídí tòótọ́ wọlé nínú bùbá tó ti ṣá, ó jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n pe Bàbá Sídí, Múfú ló dìde. "Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bàbá tí kò mọ kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ wà, ṣé bàbá nìyẹn?" Gbogbo ilé ní, "Rárá o!" Bàbá Sídí fẹnu sún mọ́ etí mi. "Kíláàsì wo ló wà?" Mo ní, "SS2, sà."

Ibi tí Múfú ti ń rìn síwá-sẹ́yìn lórí pèpéle ni bàbá kan dìde nílà iwájú, Daddy Tọ́lání, ẹnjiníà ará Ògùdù. Ó nàka sísàlẹ̀. "Ọ̀gá Alága, ẹ máa bínú o. Bàtà yẹn... excuse me, tèmi ni. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà mi gbé e fún ẹnì kan lábẹ́ afárá kó bá mi rán ìdí ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rán dẹ́rẹ́bà lọ, á ní gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ." Ilé ru. Múfú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bíi pé àwọn bàtà náà ló dá gun ẹsẹ̀ òun.

Kó tó lanu, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde. "Ọ̀gá ẹnjiníà, ẹ rọra. Tiyín kéré. Bàtà lẹ ṣì ń wá. Èmi, ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Mummy Àgbà yí sí mi. "Aunty, nínú àwọn méjèèjì, ta ni Bàbá Sídí?"

"Mummy, ẹ má fòyà..."

"O ò gbọdọ̀ sọ fún mi pé ara ọmọ yá!" Wọ́n ní kí Sídí lọ kó ìwé rẹ̀, kí èmi náà lọ mú agboòrùn mi. Mo ti ń wá agboòrùn náà nígbà tí Sídí sáré jáde láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín ni ìwé mi parí. Mi ò fẹ́ kó parí."

Bàbá náà kọjú sí Múfú. "Àwọn nǹkan wo ni wọ́n ń pè ọ́ wá gbọ́ látìgbà yìí? Ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mi fún mi."

Múfú ti bọ́ bàtà náà, ó tò ó jẹ́jẹ́ síwájú Daddy Tọ́lání, ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ kan péré ni, ìyẹn sì ti tán. Èyí tó kù, ire ni. Òun ló ṣe ipò kìíní nínú Biology. Maths ń dà á láàmú, àmọ́ ó ń gbìyànjú. Ojú ẹ̀ ò rí òkèèrè dáadáa, ìyẹn ni wọ́n fi gbé e síwájú. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ lòun fẹ́ ṣe."

"Ojú ẹ̀ ò rí òkèèrè?" Bàbá Sídí rọra jókòó. "Inú ilé mi ló ń sùn. Mi ò mọ̀." Ó nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ tó ti họ yẹn. "Ẹjọ́ nìkan ni mo rò pé ilé-ìwé ń pe bàbá sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, ó dùn mí gidi, torí òótọ́ ni. Mo ti rìn títí bàtà fi jẹ tán lẹ́sẹ̀ mi, mi ò tíì gbé ire ọmọ kan kan lọ bá bàbá rẹ̀ rí. Ẹjọ́ ni, tàbí ìpàdé. Mo wo Mummy Àgbà, mo rí i pé ó wọ wọ́n lára bákan náà.

Bàbá Sídí tún dìde. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ dìbò fún?"

Mummy Àgbà ní, "Bàbá Sídí ni."

"Ṣé ẹnikẹ́ni dárúkọ ọkùnrin yìí gan-an?"

"Rárá."

"Ta wá ni Bàbá Sídí?"

Ó rìn lọ síwájú pẹ̀lú bùbá rẹ̀ tó ti ṣá, ó gun pèpéle, ó jókòó sórí àga alága. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìwé ẹ ò parí. Dìde, o ti kúnlẹ̀ tó." Ibi tí Mummy Àgbà ti bú sẹ́rìn-ín nìyẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi já bọ́. Bí ẹ̀rín bá ti wọlé ẹjọ́, ìdájọ́ á gba ojú fèrèsé jáde. Daddy Tọ́lání yí bàtà rẹ̀ wò, ó ní wọ́n kúkú rán an dáadáa.

Múfú ti ń yọ́ jáde lọ ní tirẹ̀, ojú ń tì í. Alága wa tuntun pè é. "Níbo lò ń lọ? Ta ló fẹ́ máa bá mi sọ̀rọ̀?" Bó ṣe rí nìyẹn títí Sídí fi jáde. Bàbá Sídí á sọ gbólóhùn kan sí i létí, Múfú á sì fi òwe àti àrọwà na gbólóhùn náà títí á fi tó ìwàásù. Àwọn òbí Agboyi tí wọn kì í wá tẹ́lẹ̀, alága fúnra rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá.

Èmi náà tún iṣẹ́ mi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ire kiri. Kò rọrùn o! Mo dé ilé ìyá kan ní Alápẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ẹ má fòyà, ara ọmọ yá, òun ló ṣe ipò kejì nínú Yorùbá." Ó ń wo ẹ̀yìn mi. "Kí ló kù?" Mo ní kò ku nǹkan kan. Ó fà mí jókòó, ó bu omi fún mi. "Aunty, ẹ sọ ọ́, ọkàn mi le. Ta ló lù?" Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà mí gbọ́.

Ní ọdún àìpẹ́ yìí, WhatsApp dé. Mo dá ẹgbẹ́ òbí sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ìdánwò síbẹ̀, ẹnì kan á fi àdúrà tẹ̀ lé e, gbogbo ilé á ní Àmín, Àmín, Àmín, ọ̀rọ̀ ìdánwò á ti sọnù sísàlẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ń fi ohùn ránṣẹ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju "Àgbọ̀n kan ló kù o!" lọ. Ó dáa náà, ó yá. Àmọ́ fóònù kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òbí tutù.

Ẹ ò ní béèrè ẹni tó jókòó sórí àga mi báyìí? Sídí ni. Ó kàwé olùkọ́ tán, ó padà wá bá wa, awò lójú. Lọ́jọ́ tí mo ń fẹ̀yìn tì, mò ń kó ẹrù mi lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí wọ́n ní kó mú bàbá rẹ̀ wá mú ọkùnrin kan wọlé. Ọkùnrin náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó ti fi òwe méjì kí wa kó tó jókòó. Èmi ti ń fa àga fún un. Sídí kò dìde. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Daddy, ẹ kú àárọ̀, sà. Bàtà ta lẹ wọ̀?"

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ní òun fẹ́ gba ìpè kan níta. Mi ò tíì rí i títí dòní.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Aunty, bàbá mi máa pa mí."

Sídí na ọwọ́, mo gbé agboòrùn Bàbá Àjàní lé e. Ó ní, "Nu ojú ẹ. Èmi ni mò ń lọ bá wọn, ire ni màá sì kọ́kọ́ sọ fún wọn nípa ẹ."

Ọmọ náà wò ó. "Ire wo, Aunty?"

"Jẹ́ ká máa lọ. A máa rí i kí a tó débẹ̀."